Bá A Ṣe Gba Àga Nídìí Ọnọ́rébù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ní Brampton níbí, ní Canada. Mo ti ń pa á mọ́ra tipẹ́, àmọ́ inú mi ti kún.

Rent ló lé mi kúrò ní Weston wá sí Brampton, ilé mi ò sì jìnnà sí ti Uncle Fẹ́mi, àbúrò bàbá mi. Tíṣà ni wọ́n, mathematics ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ high school. Látìgbà tí wọ́n ti di citizen ni wọ́n ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn conservative. Wọ́n ní ibẹ̀ ló bá ohun tí àwọn gbà gbọ́ mu: ìdílé, kéèyàn jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ìjọba má máa tojú bọ gbogbo nǹkan. Tí ìbò bá ti dé, Uncle ló ń kó wa jọ, a ó máa kanlẹ̀kùn kiri nínú snow nítorí aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ẹ jẹ́ ká máa pe ọkùnrin náà ní Ọnọ́rébù. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa o, àmọ́ ẹ má retí pé mo máa pè é ní "wọ́n". "Wọ́n" ní ẹni tó tọ́ sí.

Kí ló ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn gan-an lẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Tí ìbò bá kù díẹ̀, á wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, á jókòó síwájú, á pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ, á ya fọ́tò, ó tún dìgbà ìbò míì. Lọ́jọ́ kan Uncle lọ bá a lọ́fíìsì lórí ìwé ẹ̀rí àwọn nọ́ọ̀sì wa tí wọn ò fẹ́ gbà níbí. Ó ní kí wọ́n bá akọ̀wé òun sọ ọ́. Ó wá béèrè pé Kenya ńkọ́, ṣé dáadáa ni wọ́n wà níbẹ̀? Kenya! Ọkùnrin tó ti jẹun nílé Uncle láìmọye ìgbà.

Àárín ìgbà yẹn ni Délé àbúrò mi pè wá láti Ohio. Ẹgbẹ́ àwọn conservative ti America lòun náà ń ṣe. Ó ní àwọn mẹ̀kúnnù inú ẹgbẹ́ ládùúgbò àwọn fa ẹnì kan kalẹ̀ láti kojú aṣáájú wọn nínú primary, ìdìbò abẹ́lé wọn. Àgbà òṣèlú tó ti wà lórí àlééfà kí Délé tó mọ ọ̀nà America! Gbogbo ọlọ́lá ẹgbẹ́ ló fi wọ́n ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, wọ́n gbé e ṣubú.

Uncle gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní àwọn máa bá Ọnọ́rébù du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́.

Níbí, ẹni tó bá ní káàdì ẹgbẹ́ nìkan ló ń yan olùdíje. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá èèyàn tó máa gba káàdì. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní warehouse, àwọn Punjabi, ará India, tó ń wa truck, àwọn màmá Jamaica tó wà ní street wa. Àwọn èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn rí, àyàfi ìbò.

Ọnọ́rébù rán Ṣẹ́gun sí wa, ọmọ Yorùbá tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti suit. Ó ní ọ̀gá òun máa fi Uncle sínú ìgbìmọ̀ tó ń gbà á nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n sáà jáwọ́. Uncle béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti gba ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ náà rí. Ṣẹ́gun wúkọ́. Wọ́n ní kó bá àwọn kí ọ̀gá rẹ̀.

Nígbà tí ìdìbò ku díẹ̀, oríléeṣẹ́ ẹgbẹ́ tẹ Uncle láago pé àwọn ti yọ orúkọ wọn kúrò lára àwọn olùdíje. Nítorí kí ni? Wọ́n ní àwọn ò ní láti sọ. Bí Ọnọ́rébù ṣe gba tíkẹ́ẹ̀tì láìsí alátakò nìyẹn. Ó tiẹ̀ tún ṣe fídíò, ó ń dúpẹ́ pé a fọkàn tán òun. Ojú tì í? Rárá o!

Uncle ò lè jẹun. Ìyàwó wọn ní kí wọ́n fi ẹgbẹ́ burúkú náà sílẹ̀. Uncle kàn ń sọ pé, "Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tí mo kanlẹ̀kùn wọn?" Ó dùn mí wọra.

Mo pe Délé, mo fìbínú rò ó fún un. Ó bi mí pé ta ló ń darí ẹgbẹ́ wa ládùúgbò. Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ Ọnọ́rébù ni. Ó ní, "Primary kọ́ la ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn àga kéékèèké inú ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò wò la kọ́kọ́ gbà. Ẹ̀yin lọ ń gun igi látòkè." Ó wá béèrè bóyá wọ́n ti gba káàdì lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Wọn ò gbà á o!

Ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ládùúgbò, yàrá kan ní library ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ á mu kọfí, wọ́n á tún ara wọn yàn, wọ́n á relé. Lọ́dún yìí, àwa náà lọ. Yàrá kún débi pé àwọn èèyàn dúró dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín? Ọnọ́rébù rò pé òun la wá yẹ́ sí. Ó ń juwọ́ sí wa!

Ìgbà tí ìbò bẹ̀rẹ̀ ló sọwọ́ kalẹ̀. Akápò, tiwa. Akọ̀wé, tiwa. Alága, Uncle Fẹ́mi.

Ọnọ́rébù dìde, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ bí òun ti máa ń ṣe. Uncle nawọ́ sí màmá kan tó ti dúró níwájú, wọ́n rọra dá a lóhùn pé, "Ẹ káàbọ̀. Màmá yìí ti ń dúró kẹ́ ẹ tó dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò sẹ́yìn wọn."

Ó sì tò. Màmá náà rojọ́ bus tí kì í tètè dé fáwọn tó ń lọ sí shift àárọ̀, wọn ò sì kánjú. Ọnọ́rébù káwọ́ síwájú, ó gbọ́ ọ tán.

Ó ṣì wà nípò o, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ kò sí ìpàdé kan níbí mọ́ tí kò ní tọrọ ààyè lọ́wọ́ Uncle kó tó sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tí àwọn ńlá bá ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ yín, ẹ má bú wọn lásán, ẹ wò ó bóyá wọ́n rántí ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ṣiṣẹ́ fún tó sọ yín dẹni tí kò mọ̀? Kí lẹ wá ṣe? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á.