Wákàtí Kan Lára Aago Bàbá Mi

Èmi ni akọ̀wé àwọn alágogo ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Amoutivé, nílùú Lomé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iṣẹ́ kékeré ni. Èèyàn mẹ́rin ló ń lu agogo. Èmi ni mo ń pín ọ̀sẹ̀ fún wọn, èmi ni mo ń yẹ okùn wò bóyá ó ti fẹ́ já, èmi ni mo ń tọ́jú ìwé tí alágogo gbọ́dọ̀ buwọ́ lù, kó sì kọ àkókò tó lù ú síbẹ̀. Bí aládùúgbò bá bínú pé ariwo pọ̀, èmi náà ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Ablogamé ni ilé ọkọ mi wà, ìró agogo náà kì í dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà mo máa ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ilé láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí ọkọ mi á máa bi mí bóyá èmi ni Ọlọ́run fi ilé ayé lé lọ́wọ́.

Aago mẹ́fà là ń lù ú, ìsìn á sì bẹ̀rẹ̀ ní aago méje. Àwọn ìyá àgbà àdúgbò kì í wo fóònù. Agogo yẹn ló ń jí wọn, òun ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí wọ́n á wẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ òfin kan sára páálí tí a kàn mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: ẹni tó bá ṣi àkókò lẹ́ẹ̀mejì, kó gbé okùn sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lára wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, ni mo torí ẹ̀ kọ ọ́, oorun ni tiẹ̀ ṣáá. Inú ń bí mi, mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà. N kò tiẹ̀ rò ó pé bàbá mi wà lára àwọn mẹ́rin náà.

Bàbá mi ti ń lu agogo yẹn kí wọ́n tó bí mi. Kò sí nǹkan mìíràn tó kù fún un: ó ti ti ìsọ̀ ẹ̀ ní Gbossimé, ìyá mi ti kú, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti padà sílé ní Nàìjíríà. Bí ọ̀sẹ̀ bá kàn án, á fá irùngbọ̀n, á lọ aṣọ láti Sátidé. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù, kí wọ́n má lọ sọ pé ó ti ń ṣarán, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nípa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ títí ìyẹn fi kú.

Aago ọwọ́ ẹ̀, ti Nàìjíríà ló fi sí. Láti ìgbà tó ti wọ Lomé pẹ̀lú ẹrù ọjà lórí, kò yí i padà. Aago ti ọ̀hún sì fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Bó bá rí méje lójú aago, á yọ ọ̀kan kúrò lórí, á ní mẹ́fà ló lù. "Aago ilé ni," ló máa ń wí. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó gbàgbé láti yọ ọ̀kan. Ó rí mẹ́fà lójú aago ọwọ́ ẹ̀, ó gbà pé mẹ́fà ni, ó sì lu agogo nígbà tí aago márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní Lomé. Àwọn ìyá àgbà wẹ̀, wọ́n múra, wọ́n rin inú òjò débẹ̀, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní ó di ẹ̀ẹ̀kan. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo rò ó nídìí iná, mo rò ó lórí ọ̀kadà. Bí mo bá yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lọ́sẹ̀ tó kàn án, á bi mí ìdí. Bí mo bá ní kí ẹnì kan máa bá a lọ, á mọ ohun tí mò ń rò nípa ẹ̀. Èmi ò sì lè jókòó kí n máa wo nǹkan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ẹ̀ tún kù sí dẹ̀dẹ̀, mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un lọ́jọ́ Sátidé. Bó ṣe wọ balùwẹ̀ báyìí, mo mú aago náà lórí tábìlì, mo yí i sí ti Lomé. Mo ní ó tán, ohun tó bá rí lójú aago náà ló máa jẹ́ òótọ́. Bí mo ṣe gọ̀ tó nìyẹn. N kò rò ó pé ó lè rántí láti yọ ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méje lù. Àlùfáà dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun ẹ̀, àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kò ju bíi mẹ́wàá lọ.

"Bonjour, akọ̀wé," ó ní. "Agogo ńkọ́?"

Kí n tó lanu, agogo bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ń fa okùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ojú ẹ̀ ń dán. Méje ló rí lójú aago, ó yọ ọ̀kan, ó gbà pé mẹ́fà ló ń lù.

Lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ jókòó nínú yàrá ẹ̀yìn. Èmi ni mo di bírò mú. Alága rọra bi í pé, "Bàbá, kí ló tún dé?"

"Mo yọ ọ̀kan," ni bàbá mi wí. "Aago mi sọ pé méje, mo sì yọ..." Ó wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó wo ti ara ògiri. Ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ, wọn kò sì bára mu rí láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú. Ó gbé ojú sókè, ojú ẹ̀ bá tèmi. Ó mọ̀. Ta ló tún wọlé tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé bí kò ṣe èmi?

Èmi tí mo lè fi gbogbo ọ̀sán bá aláta jà lórí ata tí kò tutù, ojú ìwé ni mo tẹjú mọ́. Bí mo bá jẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ṣì máa wà lọ́rùn ẹ̀, okùn ò sì ní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí mo fi yí aago náà níwájú gbogbo wọn, pé èmi ọmọ ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rò pé orí ẹ̀ ò pé mọ́. Ojú tì mí. Mo ṣì ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣáájú mi sọ̀rọ̀.

"Ẹ má dààmú ara yín," ló sọ fún alága. "Mo ti ń ṣarán ni."

Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá mi" ni òun máa ń pè mí, kò pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Akọ̀wé," ó ní, "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń bà á lẹ́rù jù lọ láyé, ọwọ́ èmi ni mo fi kọ ọ́ mọ́ orúkọ ẹ̀.