Oníbodè Tó Tìlẹ̀kùn Mọ́ Ara Rẹ̀

Oníbodè ni àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkọ mi ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò sí bodè tó ń ṣọ́ tí ojú lè rí. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan; ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè tú inú rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe. Nínú ọkàn ètò yìí gan-an lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ gbogbo ẹrù tó bá gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì dé wò: níbo lo ti ń bọ̀, ta lò ń wá, ó yá, kọjá.

Ẹrù tí kò bá fẹ́, kì í jẹ́ kí bodè sọ fún un pé rárá. Ó ní kó kàn gbé e mì, kó dákẹ́. “Má dá a lóhùn, tó bá rẹ̀ ẹ́, á bá tiẹ̀ lọ.” Bó ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn. Bí mo bá ní kó lọ da pàǹtí nù, á máa wo kọ̀ǹpútà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́.

Ìyá mi wá kí wa, a sì fún wọn ní yàrá tó jẹ́ ibi iṣẹ́ ọkọ mi. Kọ̀ǹpútà tó jẹ́ bodè ilé wa wà níbẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Láti pálọ̀ lọkọ mi ti ń darí rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe ń jẹun, màámi ní, “Ọkọ ọmọ mi, ṣé mo lè máa bá yín gbé? Ilé yẹn ti tóbi jù fún èmi nìkan.” Ọkọ mi ń jẹun lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kò fọhùn.

Ọjọ́ Ẹtì lojú pọ́n ọn. Bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá tó ń kó iṣẹ́ gbogbo wọn jọ sínú ètò náà kò ní gba iṣẹ́ tuntun mọ́ fún ọdún yìí, inú kọ̀ǹpútà abẹ́ tábìlì yẹn sì ni gbogbo làálàá ọkọ mi wà. Ó ní òun á dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú bodè tiẹ̀, ìlà àṣẹ tó bá gbẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ó kọ́kọ́ kọ pé kí òun wọlé, ó wá kọ sísàlẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí wọ́n má sì dá wọn lóhùn. Bodè ṣe bó ṣe wí, ó ti òun náà mọ́ta. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Ó sáré lọ kanlẹ̀kùn yàrá màámi, kó lè tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà náà gan-an. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi.” Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún kàn án, ó sáré lọ sójú fèrèsé, wọ́n ti fa kọ́tìnnì. “Àbí wọn ò sí nílé ni? Àbí ara wọn ò yá?” Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tíì fún wọn mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Òógùn bò ó. “Màámi, ẹ fọhùn o! Bó bá jẹ́ rárá ni, ẹ sọ pé rárá, kí n lè mọ̀!”

Ohùn màámi jáde wẹ́rẹ́. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ Àìkú lèmi náà ti ń kanlẹ̀kùn.”

Ọkọ mi gbé orí lé ilẹ̀kùn. Ojú tì í gan-an, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. “Ẹ má bínú, mà. Mò ń rò ó pé mi ò ní níbi iṣẹ́ mọ́ ni, mi ò wá mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹ máa bá wa gbé, ẹ jọ̀ọ́.”

Kọ́kọ́rọ́ yí. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ojú wọn pọ́n bí ti ẹni tó ti sunkún. “Kọjá,” ni wọ́n wí.

Ó rá wọ abẹ́ tábìlì. Kó tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ó yí ibì kan padà: láti ìsinsìnyí lọ, bodè á máa sọ “rárá” fún ẹni tí kò bá gbà wọlé, àyàfi tí wọ́n bá ní kó dákẹ́. Iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn kí aago mẹ́rin tó lù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kó lọ da pàǹtí nù. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Rárá.”

“Dìde ńbẹ̀ jàre,” màámi wí láti inú yàrá wọn.

Ìlà tó gbẹ̀yìn nìyẹn. Ó dìde.