Àga Ọkọ Wa

Orogún mi kì í jáde láì kọ́kọ́ nàka sí àga ọkọ wa: “Ìyálé mi, ẹ má jókòó síbẹ̀ o.” Òun nìkan ni ọkọ wa ń gbà láyè lórí àga náà; lẹ́yìn ikú ọkọ wa, ó sọ ọ́ di tirẹ̀.

Nígbà tí orogún mi ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ rẹ̀ gbé kámẹ́rà sára ògiri pálọ̀ wa ní Ìkọ̀lé, kí ìyá rẹ̀ lè máa wo ilé àti ológbò rẹ̀ láti ọ̀hún. Ọjọ́ tí mo jókòó sórí àga náà, fóònù mi dún lójú ẹsẹ̀.

“Ológbò ò tíì jẹun o, ìyálé mi. Ẹ sì dìde lórí àga mi!”

Èmi tí mo ṣáájú rẹ̀ wọlé ọkọ! Mo fún ológbò lẹ́ja, mo dojú kámẹ́rà kọ ògiri, mo padà jókòó. Ológbò fò gun itan mi. Fóònù dún títí. N kò gbé e.