Láptọ́ọ̀pù Dúdú àti Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá

Ìyá Mojí kò kí mi lọ́jọ́ náà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Igbudu, ní Warri, ó gbé fíláàṣì fídíò kan lé orí káńtà, ó ní, "Ìyá Fọ́tò, níbo ni ohùn bàbá mi wà?"

Mo rò pé tẹlifíṣọ̀n ilé wọn ni kò sọ̀rọ̀. Ìlàjẹ ni Ìyá Mojí, ẹja yíyan ló ń tà ní Ugbuwangue létí omi, a sì ti mọra tipẹ́. Ní ohun tó lé díẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ya fídíò ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún bàbá rẹ̀. Bàbá jókòó ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tí wọ́n fà gòkè, ó gba máíkì, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Lẹ́yìn oṣù méjì, kí n tó gbé fídíò náà fún wọn, Bàbá kú. Fídíò náà wà nínú àpótí, kò sẹ́ni tó láyà láti wò ó, àfi ìgbà tí ìrántí ọdún kan ku ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n wá gbé e jáde, ijó wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, kéèkì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá kò sí.

Ó dun gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó dun Ìyá Mojí jù. Òun ni àbígbẹ̀yìn. Ó fẹ́ ọkùnrin tí Bàbá kò fẹ́, Bàbá sì bá a yodì fún ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ yẹn, níwájú gbogbo èrò, Bàbá dárúkọ rẹ̀, ó sì dárí jì í. Ìdí iná lẹ́yìn ilé ni Ìyá Mojí wà nígbà náà, ó ń bu oúnjẹ fún àlejò. Kí wọ́n tó sáré pè é, Bàbá ti gbé máíkì sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ kúnlẹ̀ fún un, Bàbá kàn gbọ́wọ́ lé e lórí ni, kò sọ nǹkan kan. Bí Bàbá ṣe rí nìyẹn: ohun tó bá ti sọ lẹ́ẹ̀kan, kì í tún un sọ.

"Wọ́n ní ó sọ ọ́," ni Ìyá Mojí wí fún mi. "Wọ́n ní, wọ́n ní! Etí mi ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ."

Nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹni tó ń ya fídíò lọ́tọ̀, ẹni tó ń gé e, tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tó ń fi orin sí i lọ́tọ̀. Ẹdítọ̀ la ń pe ẹnì kejì yìí. Ọ̀dọ̀ ẹdítọ̀ kan náà ni èmi ti ń gbé iṣẹ́ lọ fún ọdún mẹ́fà. Màá jókòó sórí àga oníke lẹ́yìn rẹ̀, màá máa wò ó bí ó ṣe ń gé, àmọ́ lọ́jọ́ tó gé ti Bàbá, mi ò sí níbẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rọ kankan tí mo lè fi wo iṣẹ́ náà kí n tó fi jíṣẹ́ fún oníbàárà. Bó bá ṣe fún mi ni mo ṣe ń gbé e lọ. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mi ò sẹ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ bá a.

"That part? I cut am," ó ní, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Papa just dey talk, dey talk. Breeze dey, engine boat dey. I no hear wetin e dey talk. E long, Mama."

"You no hear am because na Yoruba. Put am back."

"I don clear am from my system since." Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Mama Photo, carry your camera, dey snap. This multimedia work no be for mama."

Inú bí mi. Mi ò ní fi bò. Mo ti ń ya fọ́tò ṣáájú kí wọ́n tó bí ọmọ yẹn, láti ìgbà tí a ti ń fọ fíìmù nínú yàrá dúdú ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí oògùn rẹ̀ ń bó wa lọ́wọ́. Ta ló wá ń sọ ohun tó jẹ́ tìyá àti ohun tí kì í ṣe tìyá fún mi? Kò síbi tí ọ̀bọ ṣe orí tí ìnàkí ò ṣe.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé mẹ́mórì kámẹ́rà tí mo fi ya ọjọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í ju négétíìfù nù. "Ọmọ ẹni ni," ló máa ń wí, "a kì í torí pé ọmọ ti lọ sílé ọkọ ká da orúkọ rẹ̀ nù." Látìgbà náà, mi ò pa nǹkan rẹ́ rí. Inú agolo mílíìkì ni mo ń kó àwọn mẹ́mórì mi sí, mo sì ń fi bébà kékeré kọ orúkọ oníṣẹ́ mọ́ ọn. Bí mo ṣe ṣí agolo báyìí, Bàbá ló wà lókè. Mo ní màá ra láptọ́ọ̀pù tèmi, kí n gé e fúnra mi.

Bùkọ́lá ọmọ mi, tí Yorùbá yé yékéyéké ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ fi dáhùn, ní, "Mummy, just beg the guy. Laptop na stress."

"Ta ni kí n bẹ̀?" mo ní. "Kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, oníkálukú á ṣọdẹ ẹ̀ lọ́tọ̀."

Mo lọ sí Jakpa Road. Ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ọmọ Urhobo kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Sunny, gbé èyí tó rẹwà jù sílẹ̀ fún mi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán bí wúrà. "Mama, this one fit you. E light. You go just put am for bag, dey watch your film."

Mo ní mi ò wá ra báàgì. Mo na mẹ́mórì Bàbá sí i, mo ní kó fi sí i kí n gbọ́.

"Mama, we no dey put customer card for new system. Make I show you our own film." Fíìmù tiwọn ni wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò fún gbogbo oníbàárà, òkè, òdòdó, ẹyẹ tó ń fò. Kò sí ẹ̀rọ tí fíìmù yẹn kì í dára lórí rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo gbé báàgì lé itan, mo ní òdòdó kọ́ ni mò ń yà ní Warri, èèyàn ni. Mo ní mi ò dìde. Oníbàárà méjì wọlé, wọ́n jáde, mo ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀, ó gba mẹ́mórì.

Ẹ̀rọ wúrà ò tilẹ̀ ní ojú ihò tí wọ́n lè ti mẹ́mórì bọ̀. Èkejì ní in, ṣùgbọ́n àwòrán ń ta gìrì, ẹnu Bàbá ti pa dé kí ohùn tó jáde, afẹ́fẹ́ omi nìkan ló sì ń fẹ́ fùù láti inú sípíkà rẹ̀. Mo ti mọ ohun tó ṣe é. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ẹdítọ̀ fún ọdún mẹ́fà: ràámù rẹ̀ ló kéré. Ràámù ni tábìlì tí ẹ̀rọ ń tẹ́ iṣẹ́ lé. Bí tábìlì bá há, aṣọ ò ní ṣeé gé. Ẹ̀kẹta jẹ́ dúdú, ó nípọn, ó wúwo, ìsàlẹ̀ pátápátá ni Ọ̀gá Sunny ti fà á yọ, kò sì yìn ín. Sípíkà rẹ̀ wà lọ́tùn-ún àti lósì. Bó ṣe ti mẹ́mórì bọ̀ ọ́, ohùn Bàbá la àárín afẹ́fẹ́ kọjá, ó kún ṣọ́ọ̀bù. Kò mọ́ tán, pàápàá níbi tí ọkọ̀ ojú omi oní-ẹ́ńjìnnì kan ti ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá Sunny yíjú sí mi. "Na your papa?"

"Na person papa," mo ní. "Pack am for me."

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù sí ìrántí. Mo pe Ìyá Mojí pé mo ti rí ohùn náà, kó wá gbọ́ ọ bó ṣe wà. Ó kọ̀. "Ẹ̀yin ẹ tún un ṣe. Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ àbọ̀." Bùkọ́lá fi ìwọ̀nba tó mọ̀ hàn mí, ìyókù ni mo fi ojú jí lẹ́yìn ẹdítọ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ ìró ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, tí wọ́n ń gbé ohùn ènìyàn sókè. Mo bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí mo wá gbọ́ ohun tí Bàbá sọ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn, mo dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ, mo lọ bọ́jú.

Mo tọ́jú láptọ́ọ̀pù náà ju ọmọ tuntun lọ. Bí náílọ̀n inú páálí ṣe wà lára rẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀, bí mo ṣe fi ti àga pálọ̀ mi sílẹ̀ láti ọdún tí mo ti rà wọ́n. Mo rán ẹ̀wù àrán pupa fún un, mo sì ń gbé e lé orí ìrọ̀rí kí ara má baà ro ó. Nígbà tí olùṣọ́-àgùntàn wa wá fi òróró gbàdúrà sí i, ọwọ́ mi ni mo fi bò ó, òróró sì kán sórí ọwọ́. Mo rò pé ọgbọ́n mi ti pé.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì sí ìrántí, mo tẹ réńdà. Réńdà ni ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń pa gbogbo gígé àti lílẹ̀ pọ̀ di fídíò kan ṣoṣo. Ó dé ìlàjì, láptọ́ọ̀pù kú. Mo tàn án, ó tún dé ìlàjì, ó tún kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ débẹ̀.

"E don spoil," Bùkọ́lá ní. "Mummy, carry the thing go meet that editor."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Jakpa Road, gbogbo ara ni mo fi ń bínú. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń pariwo pé Ọ̀gá Sunny ta gbàrọgùdù fún mi. Ó gbọ́ mi tán. Ó wo ẹ̀wù àrán. Ó ká a sókè, ó rí náílọ̀n. Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ó di káńtà mú.

"Mama! You wear this thing agbada for Warri heat! Na here e dey breathe." Ó fi ọwọ́ mi kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà níbi tí fáànù rẹ̀ ti ń fẹ́ ooru jáde. Ó gbóná bí ìdí ìkòkò. Èmi ni mo di imú rẹ̀.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò sunkún sí i. Mo ní kó bá mi bó gbogbo náílọ̀n náà kúrò. A gbé e lé orí pákó gbalasa níbẹ̀, mo tẹ réńdà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi àtijọ́. Kò kú. Nígbà tí mo délé, mo fi abẹ ya náílọ̀n ara àga pálọ̀ mi, gbogbo rẹ̀ pátá.

Lọ́jọ́ ìrántí, wọ́n ta àtíbàbà sétí omi ní Ugbuwangue. Ta ni mo rí nídìí sípíkà? Ẹdítọ̀ mi ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n Ìyá Mojí ló háyà rẹ̀. Ó wo láptọ́ọ̀pù dúdú lábẹ́ apá mi. Mo gba wáyà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í sínú ẹ̀rọ mi.

Bàbá sọ̀rọ̀. Ìlàjẹ ló sọ; Ìjẹ̀bú ni mí, bí mo bá ní kí n kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, màá bà á jẹ́. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣàdúrà fún wọn. Ó wá ní, "Fúnmiláyọ̀ dà?" Orúkọ Ìyá Mojí nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà ti lọ sílẹ̀, ohùn Bàbá sì wà lókè.

"Ṣé ìdí iná ló wà? Ẹ má pè é, àlejò mi ló ń bọ́. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, òun kọ́. Ọkọ rẹ̀ ti di ọmọ mi." Bàbá wá nàka tààrà sí kámẹ́rà mi. "Ẹ̀rọ obìnrin yìí ń gbà á sílẹ̀. Yóò gbọ́."

Ìyá Mojí ò pariwo. Ó dìde lórí àga, ó rìn lọ síwájú sípíkà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ. Nígbà tí fídíò parí, ó yíjú sí mi.

"Ìyá Fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tún un sọ."

Ẹdítọ̀ tẹ̀ sí mi létí. "Mama, you try. But the thing long o."

"I know say e long," mo ní, mo sì tún tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.