Imú Hilmar

Ní Skarvøy, erékùṣù wa níhà àríwá Norway, bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò jọ òótọ́, ohun tá a máa ń sọ ni pé, "Ẹ gbé e lọ fún Hilmar kó gbóòórùn ẹ̀." Àwàdà ni, àmọ́ ó níbi tó ti wá. Hilmar Jakobsen ló ń ṣa panla ní èbúté wa. Láàárín ọdún méjìdínlógún, kò sí panla kan tó wọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa tí kò gba abẹ́ imú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sè é ní Ìbàdàn àti ní Èkó, tẹ́ ẹ ń lá ìka, ẹ ti jẹ èyí tí Hilmar gbóòórùn rẹ̀ rí, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Kì í ṣe pé ó gbé imú tó ju tẹlòmíì lọ wá sáyé o. Apẹja ni tẹ́lẹ̀ bíi gbogbo ọkùnrin ibẹ̀. Ìgbà tó di ẹni ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ̀ ojú omi fún un mọ́ ògiri èbúté, egungun ìbàdí rẹ̀ sì fọ́. Òkun parí fún un nìyẹn. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Sivert, òun ló ń ṣa ẹja nígbà náà, ló ní kó máa bọ̀ wá jókòó ti òun. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Hilmar fi jókòó tì í kí Sivert tó gbà kó dá ẹyọ ẹja kan yàn. Ta ló máa gba irú ẹ̀ lóde òní? Ọmọ ìsinsìnyí á kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta, tó bá di ọjọ́ kẹrin á ní kí wọ́n máa pe òun ní ọ̀gá!

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Láti oṣù kejì la ti máa ń gé orí ẹja, tá a máa ń so ìrù méjì-méjì pọ̀, tá a ó fi wọ́n kọ́ sórí àwọn igi gíga létí òkun, kí atẹ́gùn máa fẹ́ ẹ. Tó bá di oṣù kẹfà, á ti le gbagidi. Ìgbà náà ni Hilmar á jókòó sórí àpótí rẹ̀ nínú ilé ẹja, á máa gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Á wo awọ rẹ̀, á fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, á gbóòórùn ibi ọrùn. Eléyìí, Ítálì. Ìyẹn, Nàìjíríà. Tọ̀hún, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá ti di ẹrù tán, wọ́n á fi ọ̀dà kọ H.J. sára àpò. Ẹyọ kan péré tó bá ti kan nínú, tó bá lọ wọ inú ẹrù, ó lè mú kí wọ́n dá gbogbo ẹrù padà, orúkọ gbogbo erékùṣù á sì bàjẹ́. Ohun tó wá burú ni pé ẹja tó ti kan nínú máa ń dùn-ún wò. Ojú ò lè rí i, ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n. Imú nìkan ló lè mú un.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1974, àìsàn kan jà láàárín wa. Ó dá Hilmar dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó dìde, ara rẹ̀ yá, ó ń jẹun, ó ń jà nítorí ìwé ìròyìn bó ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, Aslaug ìyàwó rẹ̀ gbé mílíìkì kaná, ó bọ́ síta lọ ká aṣọ. Ìgbà tó fi máa wọlé, mílíìkì ti jóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan. Hilmar sì jókòó ti ìdáná, ó ń kàwé, kò mira.

"Ìwọ ọkùnrin yìí!" Aslaug pariwo. "Imú ẹ ńkọ́?"

"Ó wà lójú mi," Hilmar dá a lóhùn, kò gbójú sókè.

Aslaug bú sẹ́rìn-ín. Ó wá rí i pé kò tíì wo ìkòkò mílíìkì náà rárá. Ó sún mọ́ ọn, ó mú àlùbọ́sà, ó gé e, ó gbé e sábẹ́ imú rẹ̀.

"Hilmar, kí lò ń gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Aslaug. Láti ìgbà àìsàn yẹn. Mo rò pé á padà."

Ni ọkùnrin náà bá bú sẹ́kún, ẹkún ọkùnrin tí kì í sunkún. Ẹ má sì bá a wí. Ìbàdí rẹ̀ ò gbé òkun mọ́. Ilé tí wọ́n ń gbé, ilé Ọ̀gá Brochmann tó ni ilé ẹja ni, ẹni tó bá ń bá a ṣiṣẹ́ ló ń gbébẹ̀. Solfrid, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Bodø. Bí imú bá lọ, iṣẹ́ lọ, ilé lọ.

Aslaug ò sunkún. Láti ọmọ ọdún méjìlá ló ti ń so ìrù ẹja pọ̀ létí òkun, kò sí ohun tí ẹja lè fi pamọ́ fún un. Ó nu ọbẹ, ó ní, "Ó dáa. Ìwọ ní ojú, ìwọ ní ọwọ́. Èmi náà kúkú ní imú."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Aslaug gbé àpótí kékeré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú ilé ẹja. Ó gbé kọfí wá, ó gbé òwú àti irin tó fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ wá. Hilmar á gbé ẹja, á wò ó, á pa á lẹ́yìn, á gbé e sí imú ara rẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí i, á wá gbé e gba iwájú ìyàwó rẹ̀ kọjá. Bí irin ìhunṣọ bá kan àpótí lẹ́ẹ̀kan, ẹja dáa. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ẹja náà ti kan nínú.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ, ṣùgbọ́n àwa ò mọ̀. Yẹ̀yẹ́ la fi wọ́n ṣe. Àwọn obìnrin tó ń di ẹrù á máa pariwo pé, "Aslaug, ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́ kí panla má gba ọkọ lọ́wọ́ ẹ ni?"

Aslaug á ní, "Ẹ wo bó ṣe ń dì í mú. Ó ti pẹ́ tó dì mí mú bẹ́ẹ̀!"

Gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣe é. Ẹrù kan ò padà wá. Solfrid parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó gba iṣẹ́. Tí mo bá ń rántí ọdún wọ̀nyẹn báyìí, ohun tí mo máa ń rí ni àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń pín búrẹ́dì àti wàràkàṣì jẹ lórí orúnkún, tí oòrùn ń ràn sí wọn lẹ́sẹ̀, tí irin ń dún kó, kó, kó-kó. Ọkàn mi máa ń fà síbẹ̀ gan-an. Aslaug fúnra rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò gbádùn ìgbéyàwó òun tó ìgbà yẹn rí, nítorí tẹ́lẹ̀, òkun ló ń gba ọkọ òun, lẹ́yìn ìyẹn ilé ẹja gbà á.

Lọ́dún 1981, òjò ò jẹ́ ká sinmi nígbà tí ẹja wà lórí igi, ooru sì tètè dé. Gbogbo wa la mọ̀ pé èyí tó kan máa pọ̀. Oníbàárà láti Ítálì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀fìnkìn mú Aslaug. Ó fa ooru omi gbígbóná símú, ó jẹ àlùbọ́sà tútù, ó fi ọ̀rá kun imú. Pàbó ni. Nígbà tí wọ́n jókòó lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, imú rẹ̀ ti dí pa.

Hilmar gbé ẹja àkọ́kọ́ gba iwájú rẹ̀. Irin ò dún. Ó wò ó. Aslaug mi orí, omi ń dà lójú àti nímú rẹ̀.

"Fojú ṣe é," ló sọ sí i létí. "Ojú ẹ ṣì dáa. Ọjọ́ méjì péré ni, imú mi á là."

Hilmar fojú ṣe é. Ó ju ẹja mẹ́wàá sápá Ítálì bẹ́ẹ̀. Ó wá gbé ìkọkànlá. Ẹja ńlá ni, ó tẹ́jú, awọ rẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ le dáadáa. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó gbé e sí imú tí kò gbọ́ nǹkan. Àwọn obìnrin dẹ́kun ẹrù dídì, wọ́n ń wò ó. Ló bá dìde, ó di ẹja náà mú lábẹ́ apá.

Aslaug fà á lápá aṣọ. "Hilmar, níbo lò ń lọ? Ilé wa ńkọ́?"

"Orúkọ ta ló wà lára àpò yẹn?" Hilmar bi í, ó sì tiro gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Brochmann.

Àgbà ọkùnrin ni Brochmann, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Hilmar ò jókòó.

"Ọ̀gá, mi ò gbóòórùn mọ́."

"Ṣé ọ̀fìnkìn ló ń mú ìwọ náà?"

"Rárá o. Láti ọdún méje ni."

Brochmann gbé kálámù sílẹ̀. "Ta ló wá ń ṣa ẹja mi láti ọdún méje?"

"Ojú àti ọwọ́, tèmi ni. Imú, ti Aslaug ni. Àmọ́ imú ẹ̀ ti dí lónìí. Mẹ́wàá ni mo ti sọ sápá Ítálì láàárọ̀ yìí láìmọ ohun tó wà nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n kó wọn kúrò níbẹ̀." Ó gbé ẹja ńlá náà sórí tábìlì. "Ẹ bá mi tọ́jú eléyìí náà. Mi ò lè sọ nǹkan kan lórí ẹ̀."

Àwa tá a gbọ́ ọ lẹ́yìn náà rẹ́rìn-ín títí. Brochmann ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Máa lọ sílé."

"Ẹrù Ítálì ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Mo ní kó o máa lọ sílé, Hilmar."

Háà, ariwo tí Aslaug pa nílé lọ́jọ́ náà! Aládùúgbò wọn ni mí, mi ò nílò imú láti mọ̀. "Ọjọ́ méjì! Ọjọ́ méjì péré! O ò lè sọ pé ìbàdí ń dùn ẹ́? Ọdún méje ni mo fi bo àṣírí ẹ, o wá fi ẹnu ara ẹ tú u!"

"Mo rò ó," Hilmar sọ. "Aslaug, títí di àná, kò sí ẹja tí a ò gbóòórùn. Irọ́ wà lẹ́nu wa, kò sí nínú ẹrù. Àárọ̀ yìí ló fẹ́ wọnú ẹrù."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Òótọ́ ò tiẹ̀ lé ti Hilmar bá. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró dè é. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò mú oorun wá. Aslaug bẹ̀rẹ̀ sí kó àwo sínú páálí, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá lé òun jáde. Hilmar jókòó ó ń wò ó, kò lè ràn án lọ́wọ́, kò sì lè ní kó má kó o.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Brochmann kan ilẹ̀kùn. Ó ti ní kí oníbàárà dúró. Ó gbé nǹkan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé dání. Ó tú u sórí tábìlì ìdáná, ẹja ńlá ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Kò wo Hilmar. Aslaug ló wò.

"Ṣé imú ti là?"

"Ó ti là, Ọ̀gá."

"Ó yá, kí ni ká ṣe fún eléyìí?"

Aslaug nu ọwọ́ sára aṣọ. Ó tẹ̀ sórí ẹja, ó gbóòórùn ibi ọrùn lẹ́ẹ̀kan péré. "Ó ti kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun."

Brochmann ní kí wọ́n gbé àáké wá. Ó là á sí méjì lórí igi ìdáná. Inú ẹja náà ti rà, àní èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ọwọ́ bo imú. Hilmar nìkan ni kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń wo ẹja tí ì bá wọ Ítálì nínú àpò tó ní orúkọ rẹ̀ lára.

"Aago méje lọ́la," Brochmann sọ fún Aslaug. "Àpótí ńlá ni kó o jókòó lé." Ó wá kọjú sí Hilmar. "Ìwọ, máa gbé kọfí bọ̀. Mo ṣì nílò ojú yẹn."

Àwọn ọkùnrin kan kùn o. Wọ́n ní láyé, láyé, obìnrin ò ṣa ẹja rí ní Skarvøy. Aslaug ní kí ẹni tó bá rò pé òun gbóòórùn jù ú lọ wá jókòó. Ẹnikẹ́ni ò wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pààrọ̀ àpótí, òun lórí ńlá, ọkọ rẹ̀ lórí kékeré, tó ń pa ẹ̀yìn ẹja, tó sì ń da kọfí fún un. Hilmar gbìyànjú láti kọ́ ìbọ̀sẹ̀ híhun náà. Ọ̀kan ṣoṣo ló hun parí, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sì wọ̀ ọ́.

Ilé ẹja náà ti di ibi tí àwọn àlejò ń sùn báyìí, wọ́n kun ún ní pupa, wọ́n ń ya àwòrán. Inú máa ń bí mi tí mo bá ń kọjá níbẹ̀. Lọ́dún 1996, nígbà tá a sin Hilmar tá a wá jókòó ti kọfí àti àkàrà òyìnbó, àwa ọ̀dọ́ ìgbà yẹn tá a ti di àgbà yí Aslaug ká. A ń yìn ín pé imú rẹ̀ ló gba ilé wọn là, pé irú imú bẹ́ẹ̀ ò sí mọ́.

Aslaug jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Ó ní, "Imú? Ajá náà ní imú. Hilmar ló dìde lórí àpótí. Ká ní èmi ni, mi ò ní dìde."