Ojú Ìyá Àgbà Nínú Kámẹ́rà Múfú

Ìpẹ́ ẹja ni mò ń ha lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé wa ní Làsúnwọ̀n, ní Ìkòròdú, nígbà tí fóònù dún. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mo máa ń gbé e sí, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dé nínú gbogbo ilé náà. Ẹ̀pìyà mẹ́rin ló wà nínú abọ́, ìpẹ́ sì kún ọwọ́ mi. Mo pe Kúdí, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, pé kó bá mi gbé fóònù wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mọ́ mi létí bí ẹni tó ń rọ oògùn fún ọmọ.

Múfú ni, àbúrò mi ọkùnrin. Ẹ̀pẹ́ ló ti ń pè.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ti jókòó?"

"Mo wà lórí àpótí. Kí ló dé?"

"Ìyá Àgbà ti fi wá sílẹ̀ o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àárọ̀ tán ni. Wọ́n ní kí n bu omi wá fáwọn, kí n tó fi dé..."

N kò sunkún lójú ẹsẹ̀. Ẹja yẹn ni mo tún gbé, mo sì ń ha á lọ, mo ha á títí tí kò fi sí ìpẹ́ kankan lára ẹ̀ mọ́, tí ọ̀bẹ ti ń ya awọ. Òórùn ìpẹ́ tútù ló gbé mi lọ. Bí òórùn yẹn bá ti lè wọ̀ mí nímú, ibi yòówù kí n wà ní Ìkòròdú, etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni mo máa ń bá ara mi, nínú àgbàlá Ìyá Àgbà.

Àwọn ló bí ìyá mi. Nígbà tí ìyá wa ń bá òwò aṣọ lọ sí Kútọnu, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n kó èmi àti Múfú sí, ibẹ̀ la sì ti dàgbà. Ẹja ni wọ́n ń yan. Àgbá irin mẹ́ta ló wà lágbàlá, èéfín wọn kì í sinmi àfi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó wọ aṣọ wa, ó wọ irun wa, ó wọ inú ìwé wa, débi pé bí a bá ti yọjú sí kíláàsì, àwọn ọmọ yòókù á ní, "Ẹja ti jiná o, ẹ gbé ẹ̀bà wá!" Mo sunkún délé lọ́jọ́ kan nítorí ẹ̀. Ìyá Àgbà ò rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n ní, "Lọ bi wọ́n ohun tí wọ́n fi jẹun lálẹ́ àná. Bó bá jẹ́ ẹja ni, ọwọ́ mi ni ìyá wọn ti rà á."

Ní ọjọ́ ọjà Ejìnrìn, ọkọ̀ ojú omi la máa ń bá lọ. Èmi ni mo máa ń fi igbá gbọ́n omi tó bá jò wọnú ọkọ̀, Múfú á sì sùn sáàárín agbọ̀n ẹja bí ẹni pé òun náà wà fún títà. Ìkùukùu á bo ojú ọ̀sà, a ò ní í rí etí bèbè, ohùn àwọn tó wà nínú ọkọ̀ mìíràn nìkan la ó máa gbọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn. Bí ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ wa bá ti dẹwọ́, Ìyá Àgbà á ké sí i pé, "Ìwọ, àjẹ̀ lo mú dání yẹn o, kì í ṣe orógùn!" Gbogbo èrò ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì máa ń rín tiwọn pẹ́ jù. Bí Ìyá Àgbà bá ń rẹ́rìn-ín, ojú wọn máa ń dì pátápátá ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gbé e mì.

Fọ́tò ò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ọdún Iléyá la máa ń lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán tó wà lọ́nà ọjà. A ó dúró níwájú aṣọ ńlá kan tí wọ́n ya bàálù àti òdòdó sí, ọkùnrin náà á ní ká gbé àgbọ̀n sókè, ká má mí. Lẹ́yìn náà, ká máa dúró dè é ló kù. Nígbà mìíràn ó lè gba oṣù kan kí fíìmù ẹ̀ tó tán, kí wọ́n tó gbé e lọ fọ̀ ní Èkó. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sẹ́ni tó mọ bí ojú òun ti rí nínú ẹ̀. Múfú tiẹ̀ máa ń fi kún àdúrà ẹ̀ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí etí òun má tóbi níbẹ̀.

Òfin kan wà nínú ilé wa. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá dì nínú fọ́tò, fọ́tò náà kò gbọdọ̀ sun ilé. Ìyá Àgbà á fà á ya, wọ́n á gbé e lọ sétí ọ̀sà, wọ́n á dà á sómi, wọ́n á wá pe orúkọ ẹni náà lẹ́ẹ̀mẹta kó dáhùn. Wọ́n ní òkú ló ń dijú bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá tọ́jú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń fi ọ̀nà ilé han ikú. Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ojú mi dì nínú tèmi. Mo dúró létí omi, wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo jẹ́ "Mà" lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ń wo àjákù fọ́tò tí gèlè pupa mi wà, ó ń léfòó lọ láìsí orí lábẹ́ ẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí, ọkàn mi sì tún balẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan wà tí kò ní í jẹ́ kí ikú mọ̀nà ilé mi.

Bóyá ìdí nìyẹn táwọn fúnra wọn kì í fi í jókòó fún ayàwòrán. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rín ń di àwọn lójú. Bí kámẹ́rà bá ti yọjú báyìí, wọ́n á rántí pé iná àgbá ń fẹ́ kú. Kò sí fọ́tò wọn kan ṣoṣo nínú ilé tí wọ́n gbé di arúgbó.

Iléyá tó ṣáájú ikú wọn ni Múfú gbé kámẹ́rà tuntun dé láti Dúbáì, níbi tó ti lọ kó ọjà. Ó yọ ọ́ lápò ṣẹ́ẹ̀tì, mo rò pé páálí sìgá ni, mo ti ń múra láti bá a jà. Ó fẹ́lẹ́, ó ń dán bíi fàdákà, kò tóbi ju agolo sàdíìnì lọ. Bó ti tẹ̀ ẹ́ lórí, imú ẹ̀ yọ síta pẹ̀lú ariwo kékeré bíi ti ẹ̀fọn. Ìyá Àgbà fà sẹ́yìn.

"Kí lèyí, ọkọ mi? Ó ń yọrí bí ahun."

"Kámẹ́rà ni, Ìyá."

"Níbo ni fíìmù ẹ̀ wà?"

"Kì í jẹ fíìmù."

"Kí ló wá ń jẹ?"

"Iná mànàmáná ni, Ìyá."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ebi ló máa pa á ní Ẹ̀pẹ́ níbí."

Múfú kọjú ẹ̀ sí àwọn àgbá, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì yí ẹ̀yìn ẹ̀ sí wa. Àgbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà níbẹ̀, tèéfín tèéfín, kó tó di pé èéfín ọ̀hún gan-an kúrò níbi tó wà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ bó ti rí lára wa. Ohun tá a fi oṣù kan dúró dè nígbà èwe wa ló dé kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Inú mi dùn bí ọmọdé. Síbẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, n kò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni.

Ohun tó yí Ìyá Àgbà lérò padà ni bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n ya agolo ìdọ̀tí sí. Múfú ní bí fọ́tò kò bá dára, ibẹ̀ la ó tẹ̀, yóò sì parẹ́. Wọ́n ní, "Á jẹ́ pé kò ní í dé ọ̀sà rárá?" Wọ́n ronú sí i díẹ̀, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n gbé Kúdí lé itan. Wọ́n le ojú koko bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Múfú wò wọ́n títí. Ó gbé kámẹ́rà sókè, ó ní, "Ìyá, àjẹ̀ ni mo mú dání o, kì í ṣe orógùn!"

Ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn ló tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ará ilé ké sí Múfú pé kó wá bá wọn pín ẹran, ló bá kó kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹnu wọn là, eyín iwájú méjì tó kù yọ, ọwọ́ Kúdí há sínú ìbòrùn wọn, ojú wọn méjèèjì sì dì pátápátá. Mi ò rántí ẹ̀rín, ojú tó dì nìkan ni mo rí. Mo wá bọ́tìnì alágolo ìdọ̀tí kàn. Ẹ̀rọ náà tiẹ̀ bi mí léèrè lédè Òyìnbó bóyá ó dá mi lójú. Ìwé mẹ́wàá tí mo kà wúlò fún mi lọ́jọ́ náà: mo ka ìbéèrè náà, ó yé mi dáadáa, mo sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo pe Ìyá Àgbà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kí ni mò ń pè wọ́n sí bí ẹni tó sọnù.

Mo ní kí wọ́n wá jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n jókòó o. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbé kámẹ́rà sójú, iná pupa tàn, imú ẹ̀ wọlé, ó kú. Bátìrì ti tán, Ìkòròdú ni Múfú sì gbàgbé ohun tí wọ́n fi ń gba iná sí i sí.

"Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́?" Ìyá Àgbà bi mí. "Ó ti rẹ èmi náà. Ó di Ìtúnu Ààwẹ̀."

Wọn ò rí Ìtúnu Ààwẹ̀.

Ọjọ́ tí Múfú pè mí yẹn, ọkọ̀ tí mo wọ̀ ní Gàráàjì Ìkòròdú kò tètè kún. Nígbà tí mo fi dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti kírun sí Ìyá Àgbà lára, wọ́n ti sin wọ́n, àwọn ọkùnrin ti ń fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn, n kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n n kò rí ojú wọn.

Múfú ní kí n má sunkún, pé òun ní wọn nínú kámẹ́rà, pé òun máa fọ̀ ọ́, òun á fi dígí sí i. Ó wá a, kò rí i. Ó gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní Gàráàjì Ìkòròdú. Ìyẹn ní bóyá òun ì bá rí i yọ ká ní wọn ò tíì ya nǹkan mìíràn lé e, ṣùgbọ́n àwa ti ya ìsọmọlórúkọ méjì àti ìparí ọdún iléèwé Kúdí. Múfú bínú padà wá sílé mi. Orí Kúdí ló gbé ẹ̀bi lé.

"Ọwọ́ ọmọ yìí ni! Ṣebí òun ló ń fi kámẹ́rà ṣeré lọ́jọ́ ọdún! Kúdí, kí lo tẹ̀?"

"Mi ò tẹ nǹkan kan, Bùọ̀dá."

"Irọ́! O ti pa Ìyá Àgbà rẹ́!"

Ọmọ náà wò mí. Mo mọ ohun tó ń retí. Mo yíjú sí ìkòkò ọbẹ̀, mo ní, "Ó tó, Múfú, ọmọdé ni." Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Àṣé bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn, mo ti di ẹ̀bi náà mọ́ ọn lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, Kúdí kì í fọwọ́ kan fóònù mọ́. Bí mo bá ní kó gbé e wá, á ti ọwọ́ méjèèjì bọ ẹ̀yìn.

Ọjọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà ti jẹun tán, mo fa Múfú lọ sẹ́yìn àwọn àgbá, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin, Àǹtí mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn wọn jù?" Mo ní ìdí tí mo fi pa á rẹ́ gan-an nìyẹn. Ó lọ bá wọn kó àga.

Ilé ayàwòrán ọ̀nà ọjà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Kò sẹ́ni tó ń dúró de fọ́tò mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń gbé ojú tó dì lọ sétí ọ̀sà. Àgbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà o, àbúrò Ìyá Àgbà ló ń yan ẹja nínú wọn báyìí, àwọn ọmọ ilé náà ṣì ń gbé èéfín lọ síléèwé. Fọ́tò tí mo parẹ́ yẹn náà wà. Mo rí ẹ̀rín inú ẹ̀ báyìí ju bí mo ti rí i lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n orí mi nìkan ló wà, n kò lè fọ̀ ọ́, n kò lè fi í han ẹnikẹ́ni.

Nígbà tá a délé ní Làsúnwọ̀n, mo pe Kúdí sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo jókòó sílẹ̀ kí ojú wa lè dọ́gba. Mo ní, "Ìwọ kọ́ lo pa fọ́tò Ìyá Àgbà rẹ́. Èmi ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo dákẹ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n bá ọ wí. Bùọ̀dá ẹ ti gbọ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Ó wò mí. "Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á rẹ́?"

"Ẹ̀rù náà ni, Kúdí," mo sọ fún un. "Lẹ́ẹ̀mejèèjì."