Ogójì Òru Wàlíyátù

Láti ìgbà tí oṣù Dìsẹ́ńbà ti wọlé ni ìdí Wàlíyátù kò ti gba ìjókòó mọ́. Bí ó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á dìde kí ó tó rán ìlà kan tán. Bí ó bá gbé omi kaná, á gbàgbé rẹ̀ títí omi á fi gbẹ. Àwọn kan ládùúgbò ní ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ fẹ́yàwó, àwọn mìíràn ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Káàdì ni. Káàdì pẹlẹbẹ kan báyìí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí òtẹ́ẹ̀lì ń fún oníbàárà tó bá sùn, tó tún sùn, tó sì tún padà wá sùn, òun ni kò jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin fojú kan oorun nílé ara rẹ̀. Bó bá ń pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rọra rín in, nítorí ọ̀rọ̀ yàrá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún Wàlíyátù.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wọ́n mú un kúrò ní Ìsúndúnrìn lọ sí Àbíjàn, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sùn fún ọdún mẹ́sàn-án, lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó bá jí lóru ti ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó padà sílé tó sì lọ́kọ sí Èjìgbò, yàrá tí wọ́n fún un ni ìyá ọkọ ń kó èlùbọ́ pamọ́ sí. Nísinsìnyí tí òun àti Àdìsá ọkọ rẹ̀ ti kọ́lé tiwọn, báálì àǹkárá ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, Wàlíyátù ń sùn létí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á. Fìlà òfì ló ń rán, ó ń kó o lọ fún àwọn ọmọ Èjìgbò tó wà ní Àbíjàn, bí ó bá ń bọ̀, á dúró ní Lomé, á ra àǹkárá wálé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oṣooṣù ló ń lọ.

Ní Lomé yìí ni nǹkan ti bù ú jẹ. Lọ́dún tó ṣáájú, ó dé síbẹ̀ lásìkò ọdún, ilé ará ìlú tó máa ń sọ̀ sí ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Ó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, wọ́n ní ibẹ̀ náà ti kún. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n jẹ́ kí ó jókòó sórí àga nílé ìgbàlejò. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ọkùnrin kan wọlé, ó na káàdì aláwọ̀ wúrà sí akọ̀wé, kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Wàlíyátù dìde. Ó fi èdè Faransé tó kọ́ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ béèrè ohun tó dé. Akọ̀wé náà kò yájú sí i rárá.

Ó ní, "Màdáàmù, ẹ má bínú. Ẹni tó bá ní káàdì wúrà, yàrá rẹ̀ kì í tán."

Yàrá rẹ̀ kì í tán. Ọ̀rọ̀ náà wọ Wàlíyátù lákínyẹmí ara. Orí àga náà ló jókòó sí di àárọ̀, ohun tó sì ń rò kò ju pé òun náà yóò gba káàdì yìí lọ.

Wọn kì í ta káàdì wúrà. Òru ogójì lèèyàn ń sùn láàárín oṣù kìíní sí òpin oṣù kejìlá, ní ẹ̀ka wọn ní Kútọnu, ní Lomé tàbí ní Àbíjàn. Bí ọdún bá yí, tí kò bá pé, ó di òdo, o tún bẹ̀rẹ̀. Wàlíyátù bá kẹ̀yìn sí ilé ará ìlú ní Lomé, níbi tó ti ń sùn lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò ná an ju èlùbọ́ tó bá gbé lọ́wọ́ lọ. Ó ń sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Ó ra ìwé aláwọ̀ búlúù bíi tọmọ iléèwé, ó ń kọ ọjọ́ sínú rẹ̀: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, mẹ́ta. Nígbà tí oṣù Dìsẹ́ńbà fi máa wọlé, ó ti lọ nígbà méjìlá, ìwé rẹ̀ sì ti di méjìdínlógójì. Ó ku méjì. Ó bẹ Wàhábì, awakọ̀ tó ń ná Àbíjàn, kó fi ìjókòó kan sílẹ̀ fún òun ní Sátidé.

Àdìsá wà lábẹ́ ọkọ̀ kan nígbà tó gbọ́. Mẹkáníìkì ni, ọ̀rọ̀ kì í tètè yọ ọ́ lábẹ́ ọkọ̀.

"Ìyá Qàwíyyàt, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé. Ọjà wo lo tún fẹ́ lọ tà?"

"Mi ò lọ tajà, Bàbá Qàwíyyàt. Mo fẹ́ lọ sùn ni."

Àdìsá yọ orí jáde. "Sùn?"

"Òru méjì péré."

"Ilé làbọ̀ sinmi oko ni mo gbọ́. Mi ò gbọ́ òtẹ́ẹ̀lì làbọ̀ sinmi oko rí. Ṣé kò sí bẹ́ẹ̀dì nílé yìí ni?"

"Bẹ́ẹ̀dì wà. Ẹ sọ fún àǹkárá kó sọ̀ kalẹ̀ fún mi."

Àdìsá wò ó títí, ó tún padà sábẹ́ ọkọ̀. Wọn kò sọ ọ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù, Qàwíyyàt, àkọ́bí rẹ̀ tó ti Pólì dé, bá a wo iye òru tí òtẹ́ẹ̀lì kọ fún un sórí fóònù. Ọmọ náà wò ó, ó tún un wò.

"Màmá, wọ́n ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni."

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bíi ti báwo?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, mà."

"Olè ni wọ́n." Wàlíyátù ti dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún lọ. "Òru méjìlá ni wọ́n jí. Wọ́n rò pé obìnrin tó ń ru báálì kò mọ̀wé. Màá lọ bá wọn níbẹ̀. Màá gbé ìwé mi sí wọn lójú."

Qàwíyyàt ti ṣí ìwé búlúù náà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ já ìyá rẹ̀ nírọ́. Ó fi ìka tọ ìlà kìíní.

"Màmá, níbí, ọjọ́ Ajé lẹ dé, Ọjọ́rú lẹ kúrò. Ẹ kọ mẹ́ta."

"Mẹ́ta kọ́ ni? Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú."

"Alẹ́ Ọjọ́rú ńkọ́? Níbo lẹ sùn?"

"Inú mọ́tò ni mo wà. Mò ń bọ̀ nílé."

"Àwọn kò ka Ọjọ́rú, mà. Òru ni wọ́n ń kà. Ìgbà méjìlá lẹ lọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló yọ nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan."

"Ṣé mi ò sí níbẹ̀ lỌ́jọ́rú ni? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti wẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀, mà. Ẹ ò sùn níbẹ̀."

Wàlíyátù jókòó. Ta ni kí á dá lẹ́bi? Bí a ṣe ń kà á nìyẹn kí òtẹ́ẹ̀lì tó dáyé. Bí ìyá rẹ̀ bá ná ọjà lónìí, òní ni ọ̀kan, ọjọ́ tí ọjà yóò tún ná ni ìkarùn-ún, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é lọ́jà ọrọọrún. Ẹni tó bímọ lónìí, láti òní ló ti ń ka ọjọ́ ìkómọ tó jẹ́ ìkẹjọ. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ níbì kan, ìwọ lo ni ín. Ọdún kan gbáko ni Wàlíyátù fi ka òru bí ẹni ń ka ọjà, òtẹ́ẹ̀lì sì ti ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, láìbá a jà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Ó tún ìka ṣí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka bíi tiwọn. Bí ó bá wọ mọ́tò Wàhábì ní Sátidé, tó dé Lomé lálẹ́ ọjọ́ náà, tí kò sì jáde títí di ìparí ọdún, òru mẹ́rìnlá gééré ni. Yóò pé ogójì lórí ìlà. Èrè odindi ọdún ni yóò bá a lọ o, kò sì ní fìlà kan tí yóò tà. Kí ni yóò sì gbà? Yàrá tí kì í tán. Oúnjẹ àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, búrẹ́dì gígùn àti kọfí, òun tí kì í mu kọfí. Kí wọ́n má lé e jáde títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun tí mọ́tò rẹ̀ máa ń gbéra ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ó mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti wà ní Lomé, ó ti ń ṣílẹ̀kùn.

Wàhábì pè lọ́sàn-án. "Tàǹtí, ìjókòó yín ń bẹ o. Àmọ́ tí ẹ ò bá ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ kílẹ̀ òní tó ṣú, màá fún ẹlòmíì. Dìsẹ́ńbà la wà."

"Má fún ẹnikẹ́ni," Wàlíyátù wí. "Jẹ́ kí n lọ kí Ìyá ná."

Kò sí ọmọ Èjìgbò gidi tó ń kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ láìgba àdúrà ìyá rẹ̀. Wàlíyátù kì í fi jáfara. Á gun ọ̀kadà lọ sí Ìsúndúnrìn, á gbé búrẹ́dì àti ṣúgà kalẹ̀, á kúnlẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, á ṣe àmín, ó di inú ọ̀nà. Ọlọ́kadà kì í tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ yìí náà, ó ní kó dúró de òun.

Ó bá ìyá rẹ̀ níwájú ilé níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó kí i, ó gba àdúrà rẹ̀, ó wá rántí pé àpótí ńlá tí òun kò gbé rìnrìn àjò láti ọjọ́ pípẹ́ wà nínú yàrá òun níhìn-ín. Yàrá yẹn kọjú sí ìdí igi ọsàn. Láti ìgbà tó ti lọ sí Àbíjàn lọ́mọdé ni ìyá rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́ kí ó tó gbéra: "Yàrá rẹ wà níbẹ̀ o." Wàlíyátù gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Ṣòkòtò ọkùnrin wà lórí okùn. Àgádágodo tuntun wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ó padà wá síwájú ilé. "Ìyá, ta ló ni ṣòkòtò tó wà lórí okùn?"

"Ti Wisdom ni. Tíṣà tí wọ́n gbé wá síléèwé wa. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà àgbàdo. Àpótí rẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

"Yàrá mi ni, Ìyá."

"Tìẹ ni tẹ́lẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún mi. Ṣé mi ò kì í wá ni? Kò sí ìrìn àjò tí mo lọ lọ́dún yìí tí mi ò kọ́kọ́ wá síbí."

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè, ọ̀bẹ kò sì dúró. "O máa ń wá. O kì í sùn."

Wàlíyátù tún bojú wo ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mò ń gbá a," ìyá náà wí, kò bínú, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò ni. "Mò ń sá ẹní rẹ̀ sóòrùn. Mo ní kí n ṣe sùúrù títí di Iléyá. Iléyá dé, o wá, o jẹran, o lọ. Yàrá tí èèyàn kì í sùn sí, eku ní í jogún rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ sì ń wá ibi tí yóò forí lé."

Ó dun Wàlíyátù. Ó dùn ún ju ti Lomé lọ, nítorí pé ní Lomé ó rí akọ̀wé bínú sí. Ta ni yóò bínú sí níbí? Yàrá kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ láyé yìí, kò ná an ní kọ́bọ̀, kò béèrè ogójì òru lọ́wọ́ rẹ̀. Ì bá jẹ́ ẹyọ kan péré ló sùn. Ó wò yíká, ojú rẹ̀ ń wá ibi tí yóò dúró sí.

Ìyá rẹ̀ wí pé, "Máa lọ o. Epo ọlọ́kadà ń jó."

Lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì ń hó lójú títì. Wàlíyátù rìn lọ bá a. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́, ó fẹsẹ̀ kan lé ọ̀kadà, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó fún ọkùnrin náà lówó rẹ̀, ó ní kó máa lọ. Ó pe Wàhábì.

"Fún ẹlòmíì."

"Tàǹtí, ṣé kò sí?"

"Mo ní kí o fún ẹlòmíì, Wàhábì." Ó pa fóònù kí ó má baà yí ọ̀rọ̀ padà.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá náà wò ó. "O gbàgbé nǹkan ni?"

"Ìyá, òru mélòó ni mo máa sùn kí ẹ tó dá yàrá mi padà?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ọdún méjì ni wọ́n ní Wisdom yóò lò. Èmi kì í lé àlejò. Bẹ́ẹ̀dì mi gba èèyàn méjì, bí o kò bá ní máa ta mí nípàá bíi tijọ́sí."

Wàlíyátù fa àpótí ìjókòó sún mọ́ abọ́ ẹ̀gẹ́, ó mú ọ̀bẹ kejì. Ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ìdajì ọkàn rẹ̀ ṣì ń bá káàdì wúrà lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì gé ìka kí ó tó bẹ ẹ̀gẹ́ mẹ́ta. Àmọ́ kò dìde.

Ìyá rẹ̀ mú ọ̀kan nínú èyí tó bẹ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó jù ú sínú omi.

Ó ní, "Òní ni ọ̀kan."

Oòrùn ṣì wà lókè. Wàlíyátù kò tíì sùn rárá, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kà á.